Bí Mo Ṣe La Ẹ̀fọ́rí àti Wárápá Já ní Sábó

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wárápá ló ń ṣe ọ́, tàbí ìwọ ìyá tí wọ́n sọ ọ́ fún nípa ọmọ rẹ, jókòó, kí o fetí sí mi. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ta oògùn. Aránṣọ ni mí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ìwọ má bàa gba gbogbo ibi tí mo gbà. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibi tí mo já sí dára.

Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Mushin ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Bàbá mi ti kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti Màámi nìkan la jọ ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, èrò ń ya wọ Èkó, gbogbo wọn ló sì fẹ́ wọ aṣọ tuntun. Mo ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo ti ṣe fírídọ̀mù mi, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábó títí n ó fi lè ra maṣíìnì tèmi.

Ẹ̀fọ́rí ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tí èèyàn ń sùn kó lọ. Òkè ojú òsì ló máa ń dì mú, á máa lù kì, kì, kì, bí ẹni pé wọ́n ń gún nǹkan nínú agbárí mi. Mo ní oòrùn ni. Ọ̀gá mi ní awò ojú ni mo nílò. Màámi ní ebi ni, nítorí mo máa ń jókòó ti iṣẹ́ láàárọ̀ láìfi nǹkankan kan ẹnu. Mo wá ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń kiri ní títì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Lẹ́yìn náà ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀. Mo lè jókòó nídìí maṣíìnì, kí n kàn dédé máa gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Màá fò dìde, màá lọ wo áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù á ti tutù tipẹ́. "Ṣé ẹ̀yin ò gbóòórùn nǹkan ni?" Wọ́n á ní rárá. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ á kàn dákẹ́ mọ́ mi létí. Ìgbà tí n ó bá fi padà gbọ́ ohùn rẹ̀, á ti máa wò mí tìyanutìyanu. Lọ́jọ́ kan mo rán apá bùbá mọ́ ibi ọrùn, n kò sì mọ ìgbà tí mo rán an. Gbogbo wa la fi rẹ́rìn-ín. Bí o bá ń gbóòórùn ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ọkàn rẹ ń kúrò níbi tí o wà kó tó padà, má fi rẹ́rìn-ín o. Gba ọsibítù lọ.

Ìgbà tí iléèwé fẹ́ wọlé ni nǹkan náà bẹ́. Yúnífọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́wọ́ wa, èmi ni mo sì wà nídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òórùn yẹn dé. Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu ni wọ́n fi ròyìn rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní mo ké, ohùn náà kò sì jọ ohùn mi, mo wá ṣubú gbalaja. Áyọ́ọ̀nù bá mi wálẹ̀, ó sì dúró sí apá òsì mi. Ara mi ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sá jáde. Ọ̀gá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké pe Jésù. Ẹnìkan wá pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Bí itọ́ yẹn bá kàn yín lára, ó ràn yín nìyẹn!" Wọ́n bá dúró, wọ́n ń wò mí, áyọ́ọ̀nù sì ń jó mi lápá.

Ọkùnrin kan ló wọlé. Mùfútàù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta sípù, bọ́tìnì àti òwú ní ìsọ̀ tó kọjú sí tiwa. Títí di ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "èló ni sípù yìí?" nìkan ló wà láàárín wa. Ó fi ẹsẹ̀ ta áyọ́ọ̀nù dànù, ó fà mí kúrò nínú ẹyin iná, ó sì jókòó tì mí nílẹ̀ títí ojú mi fi là. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ẹ rọra. Èmi Mùfú oníbọ́tìnì ni."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ bá Mùfú lo ife kan náà ládùúgbò yẹn. Ó lọ ra ife tirẹ̀, ó so ó kọ́ sáàárín àwọn sípù. Bí oníbàárà bá bèèrè iye rẹ̀, á ní, "Kì í ṣe títà. Ife ẹni tí wárápá ò ràn ni."

Nígbà tí Màámi gbọ́, ó kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mojí, a ò ní dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí. Ẹni tó bá bi ọ́, sọ pé òòyì ló kọ́ ẹ." Mo gbà. Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò mọ̀ pé a kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó tún gbé mi nílé, níṣojú Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò Màámi tó ń gbé ní Ṣómólú. Àǹtí fẹ́ràn mi bí ọmọ inú rẹ̀, ìfẹ́ yẹn ló sì fi ti ṣíbí irin bọ̀ mí lẹ́nu kí n má bàa gbé ahọ́n mì. Eyín iwájú mi kan kán. Ẹ jọ̀wọ́, a kì í gbé ahọ́n wa mì. Bí ó bá gbé ẹnikẹ́ni lójú yín, ẹ gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, kí ẹ sì dúró tì í. Bí kò bá tètè dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Báyìí ni oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ibi gbogbo. Ẹnìkan gbé àgbo ìtọ̀ màálù wá, wọ́n ti rẹ ewé tábà sínú rẹ̀. Mo mu ún, mo bì títí ojú mi fi ń ṣú, ẹ̀fọ́rí mi sì di ìlọ́po méjì. Ẹlòmíràn ní bó bá tún gbé mi, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ mi bọ iná, wárápá á sá lọ. Màámi ló kọ̀. Ó ní, "Iná kan ti jó ọmọ mi. Òmíràn ò ní jó o lójú mi." Àwọn kan ní kí a wádìí ẹni tó ń bínú mi. Wọ́n dárúkọ ọ̀gá mi, wọ́n dárúkọ ìyàwó àbúrò bàbá mi, débi pé n kò mọ ẹni tí mo lè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti sùn, ẹ̀rù ń bà mí láti jáde. Pásítọ̀ ìjọ wa ló já okùn ìbẹ̀rù yẹn. Ó gbàdúrà fún mi tán, ó kọjú sí Màámi. "Ìyá Mojí, èmi ti ṣe tèmi. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la. Àdúrà náà á bá yín dé ọ̀hún."

A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, síbẹ̀ ìlà ti gùn kọjá gétì ọsibítù nígbà tí a débẹ̀. Ẹni tó jókòó ń tògbé, ẹni tó dúró ń fara ti ògiri. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo, "Ẹ tò dáadáa!" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò kàn wá. Nígbà tí ó wá kàn wá, owó oògùn àti àyẹ̀wò ju ohun tó wà nínú báàgì Màámi lọ. Kò sọ bí ó ṣe rí owó náà fún mi. Ọrùn rẹ̀ ni mo wò lọ́jọ́ kejì, n kò rí ṣéènì góòlù tí bàbá mi rà fún un mọ́.

Dókítà náà kò bi mí pé ta ló ń bínú mi. Ó bi mí nípa ẹ̀fọ́rí, nípa òórùn, nípa oorun àti oúnjẹ mi. Ó bi Màámi bóyá gìrì mú mi nígbà èwe. Ó wá ní, "Ǹjẹ́ nǹkan ti gbá ọ lórí rí?"

Mo ní rárá.

Màámi ní, "Ó ti gbá a! Alùpùpù ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé pátápátá. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún títì, èmi lẹni tó wo apá ibi tí ọkọ̀ ń gbà wá tẹ́lẹ̀ kí n tó sọdá ní Ojúẹlẹ́gba. Alùpùpù gbá mi láti ìhà kejì, mo forí sọlẹ̀. Wọ́n ní n kò mọra fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo gbọn síkẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ sílé, a sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó ọdún kan sí i kí ẹ̀fọ́rí tó bẹ̀rẹ̀.

Dókítà mi orí. "Bí ara ṣe ń lápá, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ náà ń lápá. Mo rò pé ìdí àpá yẹn ni ìyọnu yìí ti ń wá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní wárápá ló forí gbá nǹkan o. Ti ẹlòmíràn, ibà tó wọ orí nígbà èwe ni. Ti ẹlòmíràn, ìrọbí tó nira ni. Ọ̀pọ̀ sì wà tí àwa gan-an ò mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gba inú itọ́ ran ẹnikẹ́ni."

Wọ́n lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ mi lórí, ẹ̀rọ kan sì ń ya ìlà wúruwùru sórí bébà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tan iná sí mi lórí ni, mo di ọwọ́ Màámi mú pinpin. Kò dùn mí rárá. Lẹ́yìn náà dókítà fún mi ní oògùn oníhóró, ó sì fi ìka kan tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ara rẹ bá yá, lò ó. Bí o bá rò pé o ò nílò ẹ̀ mọ́, lò ó. Èmi ni n ó sọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró."

N kò ní purọ́ fún ọ, oògùn náà kọ́kọ́ kó oorun bá mi. Mo ń tògbé lórí maṣíìnì, èrìgì mi wú, aṣọ oníbàárà sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òórùn aṣọ tó ń jó yẹn lọ. Ẹ̀fọ́rí ń jìnnà síra. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, kò gbé mi.

Àsìkò yìí ni Àǹtí Rónkẹ́ dé pẹ̀lú báàgì kan. Ó ti rí ọkùnrin kan ní Ìdí-Orò, onítáì, tó ń ta oògùn afáralókun láti òkè òkun. Epo ẹja wà níbẹ̀, fítámì aláwọ̀ pupa wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú kan sì wà nínú ìgò tí kò lórúkọ. Ọkùnrin náà ní ọpọlọ tí ebi ń pa ló ń gbọ̀n. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kún, wárápá á kẹ́rù ẹ̀, àmọ́ oògùn ọsibítù kò gbọdọ̀ bá tòun pàdé nínú ara.

Mo ní, "Àǹtí, dókítà ní n ò gbọdọ̀ dá a dúró."

"Dókítà ló ń tà á, kí ló fẹ́ kó sọ? Ṣé o fẹ́ máa gbé oògùn mì títí o máa fi darúgbó ni? Wo bó o ṣe ń pòòyì kiri bí adìyẹ tí òjò pa. Ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ṣẹ́gun èmi àti Màámi. A kó oògùn ọsibítù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ayé dùn. Ojú mi dá, ọwọ́ mi yá, Àǹtí ń jó wọlé jó jáde. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé oògùn ọsibítù tó kù nínú ara mi ló ṣì ń gbà mí sílẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tán, wárápá padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ibùdókọ̀ Yaba ló ti gbé mi ṣubú, Mùfú, tó ti máa ń sìn mí délé nígbà náà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀. Onítakisí tó bá rí mi ń tẹ iná lọ ni. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Mùfú lọ dúró sáàárín títì níwájú takisí kan, ó na apá méjèèjì, ó ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kó o tó lọ." Awakọ̀ náà ṣílẹ̀kùn.

Mo la ojú ní ọsibítù. Mi ò mọ ọjọ́ tó jẹ́. Àǹtí Rónkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báàgì ìgò lórí ẹsẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí dókítà dé, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Dókítà kò bú u. Ó ní kó dìde, ó sì ń mú ìgò náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Epo ẹja lèyí. Oúnjẹ ni, kò burú. Fítámì lèyí, ó wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀. Èyí tí kò lórúkọ yìí, èmi ò mọ̀ ọ́n, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n, Ìyá, bí òrùlé yín bá ń jò, ṣé torí pé ẹ ra iṣu sílé, ẹ ò wá ní kan páànù ni?"

Àǹtí ní, "Ó ti yé mi, sà."

Ó yé e lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọlọ́pàá oògùn mi. Á wọ ọkọ̀ láti Ṣómólú, kò sì ní jókòó kó tó ní, "La ẹnu, jẹ́ n rí i."

Mùfú sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo rò pé àánú ni. Ó ní bó bá jẹ́ àánú ni, òun ì bá ti ra ọsàn wá kí mi, kí òun sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta pákó ní Mushin, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Kò sí wárápá nínú ìdílé wa, a ò sì ní fi owó orí rà á wọlé." Màámi ní ká sọ pé ara mi ti yá pátápátá. Irọ́ ti sú mi. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo lọ bá bàbá náà nídìí pákó, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Wárápá ló ń ṣe mí, mo sì ń lo oògùn ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ará ìta lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ bá mi lọ bi dókítà."

Ó gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ wo lo ń lọ?"

Ó wá. Ó gbé agbádá funfun wọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa ní ìlà. Oòrùn ti ń mú nígbà tí sójà kan tó wà níwájú wa nínú ìlà, ọkùnrin gìrìwò nínú káákì, kàn dúró gan-an, ó sì ṣubú. Bẹ́ǹṣì dojú dé. Àwọn èèyàn fọ́n ká, àwọn aláìsàn bíi tèmi sì wà lára àwọn tó sá. Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan sójà, sójà tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀?

N kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Mo ti bẹ́ǹṣì sẹ́yìn, mo tú bẹ́líìtì rẹ̀ àti bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́. Orí rẹ̀ ń gbá símẹ́ńtì. Mo ké pé, "Ẹ fún mi ní nǹkan tí mo lè fi sí i lábẹ́ orí!" Gbogbo wọn ń wò mí. Agbádá funfun kan balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bàbá Mùfú ti bọ́ ọ, ó ká a, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí sójà náà lé e. Ó kúnlẹ̀ ní ìdojúkọ mi, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. A jọ dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí ojú sójà náà là, ìtìjú bò ó. Mo sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ rọra. Èmi náà ní in."

Nígbà tí ó kàn wá, bàbá kò jókòó. "Dókítà, ṣé ó ń ràn?"

"Kò ràn, Bàbá."

"Ṣé ó lè bímọ?"

"Ó lè bímọ."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Èmi ò lè búra fún ọmọ ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi. Ṣùgbọ́n orí tó fi sọlẹ̀ ni mo rò pé ó fa tirẹ̀, ìyẹn kì í sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mi ò rí ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù."

Ní ọ̀nà àbọ̀, bàbá ká agbádá rẹ̀ sí abẹ́ apá, itọ́ sójà ti gbẹ sí i lára. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a fọ̀ ọ́. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ìyá Mùfú ló máa fọ̀ ọ́, èmi náà á sì sọ ohun tó wà lára ẹ̀ fún un." A rìn díẹ̀ sí i. Ó ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ? A fẹ́ wá kí i."

Wọ́n wá kí i. Mùfú wọ aṣọ búlúù lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, èmi ni mo rán an.

Nígbà tí mo lóyún, ẹ̀rù tún gbé orí. Dókítà ṣe àtúnṣe sí oògùn mi, ó sì fi hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un. Àǹtí Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i, sà? Fítámì náà kúkú ń ṣiṣẹ́." Dókítà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá, bó bá wà láyè ara ẹ̀." Mo bí ọmọbìnrin kan, ó ké kí wọ́n tó gbé e dé ọwọ́ mi, àwọn nọ́ọ̀sì ní ohùn rẹ̀ á dé Iganmu.

Ìpọ̀nrí la ń gbé báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Surulere, maṣíìnì tèmi, áyọ́ọ̀nù oníná tí n kì í dá lò bí n kò bá rí ẹnìkejì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti gbé mi. Ẹ̀fọ́rí máa ń yọjú bí mo bá fi ebi ṣiṣẹ́ tàbí tí n kò sùn dáadáa, nítorí náà mo ń jẹun lásìkò, mo sì ń tètè sùn. Mo ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà, mo sì ń lo epo ẹja bí mo bá rí i rà. Ṣùgbọ́n hóró oògùn mi kò yẹ̀ láàárọ̀, kò yẹ̀ lálẹ́.

Nígbà tí mo lọ sí ọsibítù kẹ́yìn, dókítà ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí, òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Bí ó bá dín in kù, n ó jó. Bí kò bá sì dín in kù, n ó gbé e mì pẹ̀lú omi tútù, n ó gbé ọmọ mi sẹ́yìn, n ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.